Ìṣó, Òrùka, Bọ́tìnì

Ajé, 31 Oṣù Keje

Bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gbé wọn ṣánlẹ̀ nídìí tábìlì awọ, níbi tí wọ́n ti ń gé bàtà. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wọlé. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì wọn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n kàn mú un dání fún ọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n kí mi, wọ́n kí Àǹtí tó ń rán bàtà lórí máṣíìnì, wọ́n bi í bóyá ẹnu rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Àǹtí ní, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dípẹtà, Bàbá. Kò rí ẹni gidi bá jà."

"Olóríkunkun ńkọ́?"

"Èyí? Ìyẹn kì í jà, ó kàn máa ń ta kú ni."

Èmi ni Olóríkunkun. Bàbá ló sọ mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n mú mi wá láti abúlé, kò sì sí ẹni tó tún pe orúkọ mi mọ́ níbí. Inú mi dùn débi pé mo lẹ sóòlù ẹsẹ̀ òsì mọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo tú u, mo tún un lẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò dé ìdí tábìlì awọ. Àkọ́bí wọn jáde láti inú yàrá kékeré tó ń pè ní ọ́fíìsì. Mánẹ́jà ló ní ká máa pe òun láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ bánkì sílẹ̀ wá jókòó síbí. Ó di baba rẹ̀ lápá mú, ó fà wọ́n kọjá tábìlì awọ, ó fi wọ́n jókòó sídìí tábìlì kékeré tó wà lẹ́yìn, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Àpótí kan wà lórí rẹ̀: ìṣó wẹ́wẹ́, òrùka irin tí okùn bàtà ń gbà kọjá, bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ bí ìdọ̀tí inú gọ́tà. Abọ́ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Daddy, keep yourself busy." Ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹni tó gé bàtà tí ìdajì àdúgbò yìí wọ̀ lọ sílé ìwé. Ó ní kó máa ṣa ìṣó.

Mo dúró kí Bàbá bú u. Wọn kò bú u. Wọ́n jókòó.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Ilé ìwé abúlé ni mo lọ, ilé ìwé tí ewúrẹ́ ń bá wa jókòó nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó tó láti mọ ìgbà tí wọ́n bá fi ń ti ènìyàn sápá kan. Keep yourself busy. Má jókòó lásán, wá nǹkan fọwọ́ ṣe. Téèyàn bá rí i nínú ìwé, kò sí èébú níbẹ̀. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ni èébú wà. Ọmọdé là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún kó má bàa dí wa lọ́wọ́.

Ó tún sọ ọ́ lónìí. Àárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹtì, 4 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀gá ilé ìwé àwọn obìnrin wá. Bàtà àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà wọn ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù yìí la ìgbà òjò já lọ́dọọdún, kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbí. Bí kò bá sí i, àtúnṣe gígísẹ̀ àti lílẹ sálúbàtà ló kù, ìyẹn kò sì lè bọ́ ẹnu mẹ́rin.

Wọn kò jókòó. Wọ́n ní, "Bàbá, mo gbọ́ pé ara yín kò yá. Mo fẹ́ fojú ara mi rí yín."

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n jù ú bí ẹni ń kí èrò ọkọ̀. "Ọwọ́ náà nìyí, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe ń wá. Àwọn tó ń ta bàtà inú páálí pọ̀ lọ́jà, mi ò bá wọn sọ nǹkan kan. Òpin oṣù yìí, mo fẹ́ rí ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ máa gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ gbogbo wọn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi Mánẹ́jà. Ó ń wo ọwọ́ baba rẹ̀ bí ẹni ń wo ohun tó fẹ́ jogún.

Mo rò ó títí tí mo fi ti ilẹ̀kùn. Tí Bàbá kò bá padà sídìí tábìlì awọ kí oṣù tó parí, iṣẹ́ yìí lọ nìyẹn. Ta ló sì ń dí wọn lọ́nà tábìlì awọ?

Gọ́ọ̀mù tún ti gbówó lórí.

Ajé, 7 Oṣù Kẹjọ

Òjò wọ ilé láti apá ibi tí Bàbá ń jókòó. Mo gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Bàbá ń ṣa ìṣó pẹ̀lú ojú dídì. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpótí, wọ́n á mú nǹkan kan, wọ́n á jù ú sínú abọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òmíràn á bọ́ sílẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi ń dijú. Ojú ń tì wọ́n láti rí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo ń ṣa àwọn tó bọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀bẹ yín wá fún yín."

"Fi ọ̀bẹ sílẹ̀."

"Tábìlì awọ wà lófìfo. Ẹ dìde, ẹ lọ jókòó síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣe."

"Olóríkunkun, jẹ́ kí n ráyè."

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó máa ń fi òòlù lé mi kiri ṣọ́ọ̀bù tí mo bá fi okùn ṣòfò. Wọ́n ti fọ́ ọkàn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹnu kọlu Mánẹ́jà lónìí. Mo bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe baba ní bánkì nìyẹn?"

Kò gbójú sókè. "Ará Oko, keep yourself busy."

Ó dára. Nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀ lọ́sàn-án, ó jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò, ó ń wo títì. Mo gbé àpò sóòlù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Keep yourself busy, sà."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí okùn fi já lórí máṣíìnì rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mú mi kúrò nídìí sóòlù. Kí n máa ha gọ́ọ̀mù gbígbẹ kúrò lára àwọn ẹsẹ̀ onígi tí a fi ń mọ bàtà, ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ó rò pé ó fìyà jẹ mí. Ibi tí mo fẹ́ wà ló gbé mi sí.

Ajé, 14 Oṣù Kẹjọ

Mo ti rí ohun tí màá ṣe. Inú sítọ́ọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn, kò sí ẹni tó lè jí ṣáájú mi dé ìdí àpótí yẹn. Kí Bàbá tó dé, mo ti ṣà á tán pátápátá. Ìṣó nínú abọ́ ìṣó, òrùka nínú abọ́ òrùka, bọ́tìnì nínú abọ́ bọ́tìnì. Àpótí mọ́ nigínnigín.

Bàbá jókòó, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpótí, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n lajú.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Ẹ sinmi."

Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n ní, "O ṣeun," bí ẹni tó jẹ ohun kíkan, wọ́n sì kọjú sí ògiri títí di ọ̀sán.

Àárọ̀ tó dára jù lọ fún mi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹjọ

Àpótí tún ti kún, ó tún ti dà pọ̀. Bóyá wọ́n kó òmíràn dé. Mo ṣà á tán kí oòrùn tó yọ.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹjọ

Mánẹ́jà tètè dé, ó bá mi nídìí àpótí. N kò rí i kó bínú báyìí rí.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan nǹkan yẹn?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n keep myself busy?"

"Mò ń bi ọ́."

"Mo ń ran Bàbá lọ́wọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ilé yìí."

Ó sún mọ́ mi débi pé mo gbóòórùn ọṣẹ tó fi wẹ̀. "O tún fọwọ́ kàn án, wàá di ẹrù rẹ."

"Bàbá ló mú mi wá. Ẹnu wọn ló lè lé mi."

Bàbá wọlé bá wa lórí ìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ fún un." Wọ́n wo ọmọ wọn, ọmọ wọn wò wọ́n. Wọ́n ní ká jẹ́ kí àwọn rí ibi kọjá.

Àìkú, 20 Oṣù Kẹjọ

Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti jáde sí títì. Àwọn ọmọ obìnrin tó ń ta súgà àti ọṣẹ níwájú wa ń fi bú ara wọn. Àǹtí ní òun fi dá ọkọ òun lóhùn nígbà tí ọkọ náà ní kó wá bá òun gbé bùbá síta: "Mo ní, keep yourself busy, ọkọ mi. Láti àná, kò dá mi lóhùn. Ilé tutù, mo sùn dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹjọ

Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà, etí rẹ̀ ti kán. Mo jù ú sínú abọ́ bọ́tìnì lánàá. Lónìí ó wà nínú àpótí, lábẹ́ ìṣó.

Nígbà tí wọ́n pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo wọ sítọ́ọ̀, mo fojú sí àlàfo pákó. Mánẹ́jà padà wọlé. Ó da abọ́ ìṣó sínú àpótí. Ó da òrùka lé e. Ó da bọ́tìnì lé e. Ó fọwọ́ rú u, ó mì í, ó tún wò ó bóyá ó dà pọ̀ dáadáa. Ó pa iná, ó lọ sílé lọ jẹun.

Àìmọye àárọ̀ ni Bàbá ti fi ṣiṣẹ́ tí kò sí. Kì í ṣe pé ó fún wọn ní iṣẹ́ ẹ̀gàn nìkan. Ó ń bà á jẹ́ lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Àǹtí. Kò dá máṣíìnì dúró. "Baba àtọmọ ni wọ́n. Má ti ọwọ́ bọ àárín igi àti èèpo, wọ́n á fún ọ lọ́wọ́ pa."

"Tẹ́ ẹ bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

"Mo lọ́mọ tí mò ń bọ́. Mi ò lè jẹ́ ìwọ."

Ẹtì, 25 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá Ìyá Àgbà nílé wọn. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, àwọn ni wọ́n ru ẹrù kiri kí Mánẹ́jà lè kàwé, àwọn nìkan ló lè bá a wí kó gbọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi nǹkan kan kún un, n kò yọ nǹkan kan.

Wọ́n ní, "Àbúrò mi ń ṣa ìṣó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ rẹ̀ ń dà á pọ̀."

"Ìṣojú mi ló ti ṣe é, mà."

Wọ́n ń wá gèlè wọn. Mo ní kí wọ́n má wá lónìí. Mo ní kí wọ́n wá ní Ìṣẹ́gun, òwúrọ̀, nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé máa wá wo ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í níṣojú ẹni tó kà sí ènìyàn.

Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹjọ

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé tètè dé. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Mánẹ́jà gbé bàtà ẹsẹ̀ méjì jáde láti ọ́fíìsì, ó fi aṣọ funfun wé e. N kò rí bàtà náà rí. Ọ̀gá ilé ìwé tẹ imú rẹ̀, wọ́n fìka tọ etí awọ náà yíká, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ Bàbá nìyí. Mi ò lè ṣì í mọ̀ láéláé." Wọ́n ní kí awakọ̀ wọn gbé àwọn páálí tí wọ́n ya ẹsẹ̀ àwọn ọmọ sí wọlé. Páálí náà ga dé àyà rẹ̀. Bàbá jókòó sídìí àpótí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, òógùn sì wà níwájú orí wọn.

Mo ń bi ara mi pé nígbà wo ni Bàbá gé e. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà wọlé.

Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. "Ọmọ náà dà?"

Mánẹ́jà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Má kí mi. Àpótí ni mo fẹ́ rí." Wọ́n rí i. Wọ́n gbé e kúrò níwájú Bàbá, wọ́n dà á sórí tábìlì awọ, ìṣó fò kálẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé. "Ṣé òun nìyí? Wọ́n á ṣà á, wàá dà á pọ̀, wọ́n á tún un ṣà. Ṣé ìwé tí mo fi orí mi ru ẹrù nítorí rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kí o sọ baba rẹ di adìẹ tó ń ṣa nǹkan nílẹ̀ kiri?"

Mánẹ́jà dìde. Ó wo baba rẹ̀. Ohun tó ṣe ò ju ìyẹn lọ.

"Ẹ wò ó. Ó ti yadi. Ó mọ gẹ̀ẹ́sì sọ fún baba rẹ̀, kò mọ Yorùbá dá mi lóhùn."

Mo ń gbádùn rẹ̀. Màá kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Èmi ni mo ní kó máa dà á pọ̀."

Máṣíìnì Àǹtí dákẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn lé orí tábìlì bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí ń rìn, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan. Tí mo bá mú ọ̀bẹ, àfi kí n wò ó kí n tó mọ̀ pé mo mú un. Dókítà ló ní kí n máa di ojú mi, kí n máa fìka ṣa nǹkan wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, bóyá á jí. Keep it busy, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, òun ni ọmọ mi ń rán mi létí. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí iṣẹ́ yìí á fi wọlé. Ó gbà láti jẹ ẹ̀gàn náà."

Ọ̀gá ilé ìwé ṣì mú bàtà náà dání. "Ta ló wá gé èyí?"

"Èmi ni. Nílé. Ìyàwó mi ń bá mi di awọ mú, mò ń fi ojú tọ́ ọ̀bẹ."

"Ó gbà yín tó ìgbà wo?"

Bàbá kò purọ́. "Ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹsẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ kan." Wọ́n gbé bàtà náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi pọ̀, Bàbá."

Mánẹ́jà wá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e lọ́dọ̀ baba òun nírọ̀lẹ́, pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn máa ronú sí i. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ìyá Àgbà ti jókòó sórí àpò sóòlù. Wọ́n yí ojú sí mi. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wá bá mi nílé? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n dúró di òní?"

Gbogbo wọn wò mí. Bàbá nìkan ni kò wò mí.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹjọ

Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Awakọ̀ ilé ìwé wá kó páálí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ó ní kí a má bínú, pé wọ́n rán òun ni. Mánẹ́jà bá a kó o sínú ọkọ̀. Mo dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá pè mí sí tábìlì ẹ̀yìn nígbà tí Àǹtí ti lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé ìdọ̀bálẹ̀ mi kò wúlò fún àwọn.

"Kì í ṣe ti Ìṣẹ́gun ló ń dùn mí jù. Ṣé o mọ ohun tí o ṣe ní gbogbo àárọ̀ tí o fi ń bá mi ṣà á?"

Mo wo abọ́ mẹ́ta náà.

"Ọwọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò tíì mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń gbóná. Mo dé ní àárọ̀, àpótí ṣófo. O ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi. O tún wà níwájú mi tò ń rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹnu rẹ ò nílẹ̀kùn. Ohun tó bá wọ etí rẹ, ìta ló gbà á." Wọ́n ti àpótí náà sápá kan. "Mo tún rò pé o máa wò mí bí o ṣe ń wò mí báyìí."

Wọ́n ní kí n lọ sí abúlé lọ sinmi ná. Mo ní mi ò lọ.

"Mo ní kí o lọ."

"Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò lọ. Ẹ lù mí tó bá wù yín, ọwọ́ òsì ṣì dára."

Wọ́n wá òòlù. N kò sá. Wọ́n jù ú, kò bà mí.

Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mánẹ́jà gbé àpótí náà wá bá mi. "Láti òní, ìwọ lò ń dà á pọ̀. Níta, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ayé ti máa rí ọ. Wọ́n ti pè mí ní ọ̀dájú tó. Ó yí kàn ọ́."

Mo ní kò burú.

"Mi ò ní kó burú tàbí kó má burú."

Ẹtì, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Obìnrin tó ń ta súgà sọ fún oníbàárà rẹ̀ níṣojú mi: "Òun lẹ rí yẹn. Arúgbó á ṣà á, òun á dà á pọ̀. Ọmọ tí wọ́n kó ní abúlé." Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo rántí ohun tí Bàbá sọ nípa ẹnu mi. Mo mi àpótí náà, mo wọlé.

Ìyá Àgbà kọjá. Mo kí wọn, wọn kò dáhùn.

Àǹtí ń wá iṣẹ́ ọ̀sán sí ibòmíràn. Sálúbàtà mẹ́ta péré la lẹ̀ láti àárọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mánẹ́jà gé awọ lójúmọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́, bàtà ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ọjà. Mo wò ó. Etí awọ náà rí bí ibi tí eku jẹ.

Mo ní, "Kò dára."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ ń ti ọ̀bẹ. Bàbá kì í tì í, wọ́n máa ń fà á ni."

"Ṣé mo bi ọ́?"

Ó gé òmíràn. Ó fà á. Ó sàn díẹ̀. N kò sọ fún un.

Ajé, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé ìwé wọlé. Òjò dá kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ obìnrin ọgbà yẹn sì tò kọjá níwájú wa, inú páálí ni bàtà gbogbo wọn ti wá, gbogbo rẹ̀ ń dún kíún kíún bí ọ̀pọ̀lọ́. Mánẹ́jà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bàbá wò wọ́n títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, wọ́n di ojú wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpótí.

Inú mi ò dùn. Mo ti dà á pọ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fi ìṣó gígùn kún un nítorí àwọn wẹ́wẹ́ kéré jù fún ọwọ́ tí kò mọ nǹkan. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ onígi mi, mò ń ha gọ́ọ̀mù.

Bàbá ní, "Yéè."

Wọ́n fa ọwọ́ yọ. Ìṣó kan rọ̀ sára ìka ìlábẹ̀ wọn. Wọ́n wò ó bí ẹni tí kò rí ìka rí.

"Olóríkunkun, ta ló ní kí o da ìṣó ńlá sí i? Òmùgọ̀ ọmọ."

Àǹtí dá máṣíìnì dúró. Mánẹ́jà ti ṣílẹ̀kùn. "Daddy, kí lẹ sọ?"

"Ìṣó gún mi."

"Ẹ tún un sọ."

"Mo ní ìṣó gún mi, ó dùn mí. Ṣé etí tìrẹ náà ti kú ni?"

Mánẹ́jà kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí ìdọ̀tí awọ, pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀. Ó yọ ìṣó náà. Ó ní kí wọ́n dijú. Ó fi ṣónṣó rẹ̀ kan àtàǹpàkò.

"Èyí ńkọ́?"

"Rárá."

Ìka àárín. "Èyí?"

"Rárá."

Ó padà sí ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá gbá a lórí pẹ̀lú ọwọ́ òsì. "Ó ti tó. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìka kan ni. Ìka kan kò lè gé bàtà. Àǹtí nu ojú rẹ̀, ó ní òkùnkùn ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó tún ń yí máṣíìnì rẹ̀.

Mo nawọ́ láti ṣa àwọn ìṣó gígùn náà kúrò. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mánẹ́jà gbé abọ́ ìṣó, mo gbé abọ́ òrùka, a dà á padà sínú àpótí. A kò wo ojú ara wa.